Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Tí Mo Kùn ní Báǹkì Àgbà

Iṣẹ́ tí mo fi ju ọgbọ̀n ọdún ṣe ni pé mo ń nu ojú ère. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì Adja-Ouèrè ní kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ayé mi, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n ń sanwó fún irú ìyẹn ni?" Mo ní wọ́n san án, mo fi kọ́lé, mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, ọ̀rọ̀ owó sì parí síbẹ̀. Agogo lù kí n tó dé ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ mi, gbogbo wọn sì tú jáde. Ó dùn mí díẹ̀. Mo wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ikpinlè, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe láyé lè kà á dé òpin, torí kò sí agogo nínú ìwé.

Orúkọ mi ni Benuwá. Ilé wa ni wọ́n ti ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ agbègbè yìí, láti Ikpinlè dé Kpoulou, dé Tatonnonkon. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ère tí a fi igi gbẹ́ ni, tí oníjó ń dé sórí bíi fìlà, tí a fi ń jó láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Lọ́dọọdún, kí ère náà tó jáde, a gbọ́dọ̀ kùn ún lọ́tun. Èyí tó bá fi ojú èṣí jáde, ìtìjú ló kó bá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin á máa pòṣé, wọ́n á ní àwọn ọkùnrin ilé báyìí ti ya ọ̀lẹ. Mo ti mọ efun po, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ kun ìpéǹpéjú rẹ̀, kí n tó mọ ìwé kà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló kó mi sí wàhálà.

Nígbà tí mo tó ọmọ ogún ọdún, mo lọ sí Kútọnu, báǹkì àgbà kan sì gbà mí bí agbálẹ̀. Mi ò ní dárúkọ báǹkì náà. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ ẹnì kan, ẹni yẹn sì mọ ẹlòmíràn. Àwọn ará ilé gbà pé orí owó ni mò ń sùn. Tí mo bá wálé, wọ́n á máa wo àpò mi, àbúrò bàbá mi kan tilẹ̀ ní kí n mú ẹ̀yọ kan lára àwọn owó tuntun tí kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wá han òun. Bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ àti garawa nìkan ló mọ ọwọ́ mi níbẹ̀.

Ohun tí àwọn ò mọ̀, tí èmi náà ò sì mọ̀ nígbà yẹn, ni pé yàrá kan wà nísàlẹ̀ ilé náà tí kò sí owó kankan nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá báǹkì náà sílẹ̀ ni àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa: ère, aṣọ híhun, àga ọba, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, àwòrán. Wọ́n ní ilé tó ń tọ́jú ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, kì í ṣe owó nìkan ló yẹ kó máa tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn wù mí títí di òní. Àléébù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá mélòó kan nìkan ló ń rí àwọn nǹkan náà. Gbogbo ènìyàn yòókù ń kọjá lórí wọn láìmọ̀.

Ẹni tó ń ṣàkóso yàrá náà ni Màdáàmù Wefá, obìnrin Gùn láti Àjàṣẹ́, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì kì í kúrò lójú rẹ̀. Òkè òkun ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan àtijọ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé ará Pọbẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí inú bá ń bí i, Faransé ni. Lọ́jọ́ kan, mò ń nu ilẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ni ọkùnrin kan tó ń bá wọn kó ẹrù bá gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan jáde, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Màdáàmù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi etí gbé e! Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ di mú!"

Gbogbo wa dúró. Màdáàmù wò mí, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá mi ni, mà. Etí ló máa ń kọ́kọ́ ya."

"Etí èyí ti ya díẹ̀," ó ní. "Mo ti ń wá ẹni tó yà á láti àárọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ní kí ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohunkóhun. Tí mo bá wọ yàrá, mo gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Láàárọ̀, yóò gbé ère kan síwájú mi, yóò ní kí n yà á sínú ìwé, gbogbo ibi tó ti sán, gbogbo ibi tí kòkòrò ti lu. Tí n bá gbàgbé ihò kan, yóò fa ìwé náà ya, èmi á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, yóò bu omi kún àwo dé ẹnu, yóò ní kí n gbé e láti ògiri kan dé èkejì láìjẹ́ kí ẹ̀kán kan dà sílẹ̀. Mo ń gé èékánná mi lójoojúmọ́. Kò fẹ́ òrùka, kò fẹ́ aago ọwọ́, kò fẹ́ bàtà tó ń dún.

Ohun tó sì wá burú jù ni oúnjẹ. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rún kan nínú yàrá náà, nítorí aáyán àti eku. Mo fi ẹ̀pà sápò lọ́jọ́ kan, mo rò pé Màdáàmù kò sí nítòsí, mo jẹ ẹyọ kan. Ó gbọ́ bó ṣe dún láti yàrá kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀," ó ní. Ó nawọ́ sí àgbọ̀nrín kan tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Òun ni. Kọ ìwé sí i, kí o tọrọ àforíjì."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Mo kọ ìwé ojú méjì ní Faransé sí àgbọ̀nrín onígi, ó tún àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, ó ní kí n tún un kọ. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nǹkan. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ewúrẹ́ la fi ń gbọn eruku, ìyẹ́ adìyẹ la fi ń wọ ibi tó há. Ẹ̀gbin tó bá lẹ̀ gan-an, itọ́ ẹnu la fi ń nù ún. Ẹ má ṣe pa ojú dé, òótọ́ ni. A ó fi òwú wé orí igi tín-ínrín kan, a ó fi kan ahọ́n, a ó máa yí i lórí ẹ̀gbin náà. Màdáàmù ní kò sí oògùn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi itọ́ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ ata lọ́sàn-án. Pọ́líìnì, ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ nígbà náà, kò gbà. Ó ní ọkùnrin wo ló ń jẹ ọbẹ̀ funfun bí aláìsàn nítorí kó lè tutọ́ sí ère lójú. 

Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí ọjọ́ burúkú náà tó dé. Ère tí mo dáàbò bo etí rẹ̀ níjọ́ kìíní, Tatonnonkon ni wọ́n ti gbé e wá. Ojú obìnrin ni, irun rẹ̀ dì sókè, tìróò wà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá rò ó tì. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ ya, ẹgbẹ́ gbẹ́ òmíràn tí wọ́n ń fi jó, wọ́n sì ta ti àtijọ́ fún báǹkì tayọ̀tayọ̀. Báǹkì wá pinnu pé àwọn yóò kó nǹkan díẹ̀ jáde sí gbàgede ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ènìyàn ìlú lè wọlé wá wò ó. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ère Tatonnonkon wà lára àwọn tí wọ́n mú. Inú mi dùn débi pé mo ránṣẹ́ sílé kí gbogbo wọn máa bọ̀.

Màdáàmù ní láti lọ sí Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyá rẹ̀ ló kú. Kó tó lọ, ó ní, "Benuwá, gbọn eruku ara rẹ̀. Má ṣe nǹkan míì."

Mo gbọn ọ́n. Bí mo ṣe ń gbọn ọ́n, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Àwọn ará Tatonnonkon ń bọ̀, àwọn ará Ikpinlè ń bọ̀, bàbá mi alára ń bọ̀, wọn yóò sì bá ère wọn pẹ̀lú ojú tó ti ṣí, tí efun rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Wọn yóò béèrè pé ta ló wà nídìí rẹ̀, wọn yóò ní Benuwá ni, ọmọ akunère. Mi ò lè fara da ìyẹn. Mo lọ ra ọ̀dà fúnra mi, dúdú, funfun, pupa, búlúù, èyí tó dára jù ní ọjà. Mo fi odindi ọjọ́ méjì kùn ún. Mo ń súfèé. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rẹwà! Ojú rẹ̀ ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo fi aṣọ bò ó, mo ń retí Màdáàmù bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Ó dé, mo ṣí aṣọ.  Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, lórí símẹ́ǹtì.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà," mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó dára?"

Ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé fún mi, Faransé díẹ̀, Yorùbá díẹ̀. Ó ní kò sí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ míì nínú ilé náà tí ọ̀dà àwọn tó kọ́kọ́ kùn ún ṣì wà lára rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ènìyàn tó ti kú ló wà níbẹ̀, mo sì ti fi ọ̀dà ọjà bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n lé mi lọ lọ́jọ́ náà. Màdáàmù ló dúró. Ó ní, "Ẹni tó kùn ún ni yóò yọ ọ́. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ibi tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbà." Ó wá kọjú sí mi. "Tí o bá yọ ọ́ tán, tí èyí tó wà nísàlẹ̀ sì pé, o dúró. Tí o bá họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ilé yá."

Bí wọ́n ṣe yọ ère Tatonnonkon kúrò nínú àwọn tó fẹ́ jáde nìyẹn. Àwọn ará ilé wá, wọ́n wo àwọn ère àwọn ẹlòmíràn yípo, wọ́n béèrè tiwọn. Mo parọ́ fún wọn pé ó ń ṣàìsàn. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi. Èmi tí mo fẹ́ kó jáde tẹwàtẹwà, èmi náà ni mo tì í mọ́lé. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú iṣẹ́ yìí: kí ère náà jáde, kí àwọn tó ni ín fojú rí i, kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi yọ ohun tí mo fi ọjọ́ méjì kùn. Abẹ kékeré irú èyí tí àwọn dókítà ń lò ni mo mú lọ́wọ́ ọ̀tún, gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo wọ̀ sójú. Lọ́jọ́ tó bá dára, mo lè yọ ibi tó tó èékánná ọmọ ìka kékeré. Ìyanu kan wá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn etí rẹ̀ àti láàárín dídì irun rẹ̀, ọ̀dà náà ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀. Níwájú orí, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo pe Màdáàmù kó wá wò ó.

Ó tẹjú mọ́ ọn títí. "Eruku ló wà lábẹ́ ibi tó ń ṣí," ó ní. "Benuwá, mo ní kí o gbọn eruku. O kò gbọn ẹ̀yìn etí."

"Mo yára níbẹ̀ ni, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. "Ìmẹ́lẹ́ rẹ ló gbà ọ́ là! Ká ní o mọ iṣẹ́ ni, o ò bá ti pa á pátápátá!"

Bàbá mi wá wò mí níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú àkókò yẹn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń wo abẹ ọwọ́ mi.

"Ọmọ mi, kí lò ń ṣe yìí gan-an?"

"Mò ń yọ ọ̀dà, Bàbá."

"Mo fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kun ère. Báǹkì wá ń sanwó fún ọ kí o máa yọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pọ́n ọwọ́ mi lé, kó tó lọ, ó ní ọwọ́ mi ti fúyẹ́ ju tòun lọ. Mi ò gbọ́ ìyìn tó dùn tó ìyẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo yọ ọ́ tán, mi ò họ ọ́. Màdáàmù fi gíláàsì wò ó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà. Ó wá tọ́ka sí etí rẹ̀ tó ti sán, ó ní kí n wo ẹnu ibi tó sán náà. Mo rí ìlà lórí ìlà, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, dúdú, pupa, bí ìgbà tí èèyàn bá gé àlùbọ́sà. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan tí wọ́n kùn ún. Nínú gbogbo wọn, ìlà kan ṣoṣo jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwa tí a ń kun ère ní agbègbè wa kì í lo àwọ̀ ewé sójú obìnrin. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi, kò mọ̀. Mo béèrè ní Kpoulou, wọn ò mọ̀.

Ọ̀gá àgbà tuntun dé, kò fẹ́ràn kí aráàlú máa wọlé sí báǹkì, gbogbo nǹkan sì padà sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kẹrosíìnì la fi ń pa kòkòrò tó ń jẹ igi, òórùn rẹ̀ á bá mi délé. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í fi ère sínú ọ̀rá, a ó gbé e sínú firísà ńlá, òtútù á pa kòkòrò inú rẹ̀. Ìwé tí mo ń ya àwòrán sí di kọ̀ńpútà. Gíláàsì ojú mi di ẹ̀rọ kan tó ń gbé ihò kòkòrò sórí tẹlifíṣọ̀n, yóò wá tóbi bí ẹnu kànga. Mo bínú sí ẹ̀rọ yẹn fún ọdún kan, mi ò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí mo fi wo etí ère Tatonnonkon, mo jókòó sídìí rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo bẹ ẹ̀rọ náà. Mi ò kọ ìwé sí i o, ẹnu ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Màdáàmù fẹ̀yìn tì, mo gba ipò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé wá bá mi sọ pé mo le ju. Mo ní wọn ò tíì rí nǹkan kan.

Nígbà tó ku ọdún kan kí èmi náà fẹ̀yìn tì, gómìnà báǹkì, ìyẹn olórí gbogbo wọn, sọ pé àkókò tó kí àwọn nǹkan náà jáde fún gbogbo ènìyàn, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, fún gbogbo ìgbà. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì, ẹnikẹ́ni lè wọlé.  Mo ní mo ní ẹ̀bẹ̀ kan: kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì lọ kó àwọn ará Tatonnonkon, kí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọlé, ṣáájú gómìnà àti àwọn ènìyàn ńlá. Wọ́n gbà. Mo tún pe Màdáàmù Wefá. Ó wá láti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan.

Bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, gómìnà ń bọ̀ ní mẹ́wàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni Ìyá Ẹfúnkẹ́, Ìyálàṣẹ̀ wọn, olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Tatonnonkon, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ohùn rẹ̀ ṣì ń mi ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó dúró níwájú ère náà. Mi ò tíì ti àpótí gíláàsì tí a fẹ́ fi í sí. Ó wò ó títí.

"Ṣé báyìí ni yóò ṣe jáde?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó yíjú sẹ́yìn. "Ẹ gbé e wá." Àwọn ọkùnrin méjì gbé báàgì kan síwájú. Efun ló wà níbẹ̀, àti búlúù, àti ọ̀dà mẹ́ta, àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun. "A mọ̀ pé ẹ̀yin ará Kútọnu ò ní rántí," ó ní. "Kò ní pẹ́. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún wa."

Ẹ̀yin ọmọ, mo wo báàgì yẹn, ojú mi sì rí ara mi bí mo ṣe wà ní ọdún yẹn, tí mò ń súfèé. Màdáàmù ti dìde lórí àga rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí.

"Ìyá, ẹ forí jì mí," mo ní. "A ò lè kùn ún."

"O ní kí ni?"

"A ò lè kùn ún mọ́, Ìyá."

"Benuwá, ọmọ ta ni ọ́? Ṣé bàbá rẹ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Ó ti gba búrọ́ọ̀ṣì. "Tí kò bá ní ojú tuntun, a ò bá a jáde. Gbogbo wa ó wọ bọ́ọ̀sì wa. Kí gómìnà yín wá wo igi."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.  Gbogbo ohun tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà èwe mi ló ń jáde lọ sí títì yẹn. Mo sáré lọ gbé ẹ̀rọ náà, mo fà á dé iwájú ère, mo kọjú rẹ̀ sí etí tó sán. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo nǹkan yìí kí ẹ tó lọ." Àwọn ìlà náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn, tó gùn ju èèyàn lọ.

"Kí nìwọ̀nyí?"

"Ọdún ni, Ìyá. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti kùn ún. Wọ́n wà níbẹ̀ gbogbo wọn."

Ó sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìka rẹ̀ dúró.

"Ta ló fi àwọ̀ ewé síbí?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wádìí rẹ̀."

Ó pariwo, "Ọkọ mi ni!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ọdún tí mo jẹ oyè ni! Ọ̀dà tán mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lọ tọrọ èyí tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Mo bá a jà! Mo ní o sọ ìyá wa di ilẹ̀kùn! Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi dá a lóhùn!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tẹlifíṣọ̀n náà, lórí ìlà ewé yẹn, àwọn tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà sì padà wọlé, kálukú ń béèrè èyí tó jẹ́ ọdún tirẹ̀.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tí a bá kùn ún, a bò wọ́n mọ́lẹ̀ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo ti ṣe é rí." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kùn ún, bí mo ṣe fi ọdún mẹ́rin yọ ọ́, bí mo ṣe parọ́ fún wọn pé ó ń ṣàìsàn.

"Ìlà tìrẹ wá dà níbí?"

"Kò sí, mà. Mo yọ ọ́ tán."

Ó wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí kò jẹun. "Gbogbo ẹni tó kùn ún ló wà níbẹ̀, ìwọ nìkan ni kò sí." Ó fa àga kan. "Jókòó."

"Ìyá, gómìnà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

"Mo ní jókòó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ojú tuntun jáde lónìí."

Mo jókòó, èmi ọ̀gá yàrá, pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ó fi efun kun iwájú orí mi dé àgbọ̀n. Ó fi búlúù fa ìpéǹpéjú mi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ń fi fóònù ya mí, ẹ̀rín pa wọ́n. Ibẹ̀ ni gómìnà bá wa nígbà tó wọlé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó dúró, ó wo ère, ó wò mí, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá Ẹfúnkẹ́ ló mú un lọ́wọ́, tó fi ìlà ọkọ rẹ̀ hàn án.

Ní ọ̀sán, nígbà tí èrò dínkù, mo lọ sí ibi ẹ̀rọ omi láti fọjú. Mo ti mú òwú dání. Màdáàmù Wefá tẹ̀lé mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó sì wo ojú mi fínnífínní, láti etí dé etí, bó ṣe máa ń wo ère.

"Benuwá," ó ní, "èyí, má yọ ọ́."

Mo gbé ojú kíkùn mi bẹ́ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, mo bá wọn lọ sílé.